Ibi Tí Orí Idẹ Ti Jáde

Àpáàdì ni mo kọ́kọ́ fọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fún mi ní ṣíbí láti wúlẹ̀. Lẹ́yìn ilé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n to àwọn asẹ́ onírin sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n bu omi sínú báàfù, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àpáàdì dúdú, àpáàdì pupa, ọrùn ìkòkò, ìdí ìkòkò, etí àwo. A kì í fi agbára fọ̀ ọ́, torí búrọ́ọ̀ṣì lè gbo ọnà ara rẹ̀ dànù. A kì í sì í sá a sójú oòrùn. Bó bá gbẹ tán, a ó mú kálàmù ẹnu tínrín àti yíǹkì dúdú, a ó kọ nọ́ńbà wínníwínní sí inú rẹ̀: lẹ́tà tó dúró fún ìlú, nọ́ńbà kòtò, nọ́ńbà ìpele ilẹ̀ tí wọ́n ti rí i. Kútẹ́ẹ̀sì tí kò ní àwọ̀ ni a fi ń bo nọ́ńbà náà kí ó má bàa parẹ́. Ojú ń ti àwọn ọmọkùnrin kíláàsì wa láti lọ ra kútẹ́ẹ̀sì lọ́jà Bódìjà, nítorí náà àwa obìnrin ni wọ́n ń rán.

Nígbà tí ìyá mi gbọ́ ohun tí à ń ṣe, ó ní, "Ọmọ mi, gbogbo owó tí mò ń san yìí, àpáàdì fífọ̀ ni wọ́n ń kọ́ ẹ?" Ní ilé tiwa, àpáàdì ni ohun tí wọ́n fi ń fọnná lọ́dọ̀ aládùúgbò, wọn kò kà á sí ohun mìíràn. Mo ní iṣẹ́ gidi ni, Màámi, wọ́n máa ń gba èèyàn sí mùsíọ́mù. N kò jẹ́ kí ó bi mí léèrè iye tí mùsíọ́mù ń san.

Inú yàrá ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń fọ àpáàdì ni èsì ìbéèrè rẹ̀ wà, lára ohun tí àwọn tó ṣáájú wa wú jáde. Thurstan Shaw, ará Gẹ̀ẹ́sì tó wúlẹ̀ ní Igbo-Ukwu ní 1959 sí 1960, ló fìdí ẹ̀kọ́ àkíọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ àwa awúlẹ̀, múlẹ̀ ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960. Ní 1965, òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wúlẹ̀ ní Ihò Eléérú, abẹ́ àpáta kan nínú igbó ní agbègbè Àkúrẹ́. Wọ́n kó ọ̀kẹ́ àìmọye òkúta tí àwọn ará àtijọ́ fi ṣe irinṣẹ́, wọ́n sì rí egungun ènìyàn kan. Wọ́n kó èédú tó wà nítòsí egungun náà, wọ́n fi ránṣẹ́ fún ìdánwò, èsì sì dé pé ó ti tó bí ẹgbẹ̀rún ọdún mọ́kànlá. Ó parí síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní 2011, onímọ̀ kan, Katerina Harvati, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún agbárí egungun náà wọ̀n, wọ́n rí i pé bó ṣe gùn tó sì rẹlẹ̀ lókè dàbí ti àwọn ènìyàn tó ti wà láyé pẹ́ gan-an ṣáájú àsìkò yẹn. Wọ́n dán egungun fúnra rẹ̀ wò, ọjọ́ orí rẹ̀ bọ́ sí àárín ẹgbẹ̀rún ọdún mọ́kànlá àti mẹ́rìndínlógún. Agbárí tó jọ ti àtijọ́ pátápátá, lára ẹni tó gbé ayé lẹ́nu àìpẹ́ yìí, bí a bá fi ojú ìtàn ọmọ ènìyàn wò ó: ìyàlẹ́nu ńlá ni èyí jẹ́ káàkiri àgbáyé. Ká ní àgbẹ̀ kan ló fi àdá wú u jáde tó gbé e wá fún wa nínú àpò, agbárí lásán ni ìbá jẹ́, kò sí ẹni tí ìbá mọ̀ pé ìyanu ni.

Mo lóye ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti fi ọwọ́ àti orúnkún lóye rẹ̀.

Kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀ rárá ní Ifẹ̀, àwọn àgbà àdúgbò ti ta omi sílẹ̀, wọ́n ti da obì, obì sì ti yàn. Ọ̀gá wa, ọmọ ìjọ tí kì í gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láyè, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn la kan èèkàn mẹ́rin, a fi okùn yí i ká, mítà méjì níbùú, mítà méjì lóòró. Ṣíbí bíríkìlà tí a ti pọ́n létí ni a fi ń họ ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo ojú kòtò lè máa lọ sísàlẹ̀ pọ̀. Bí àwọ̀ ilẹ̀ bá ti yí, bí pupa bá di eléérú, tàbí tí ilẹ̀ líle bá di rírọ̀, a ó dúró. Ìpele tuntun nìyẹn: náílọ́ọ̀nù tuntun, nọ́ńbà tuntun. Ẹni tó ń kọ̀wé a wọn bó ṣe jìn tó, a yà á sórí ìwé onílà, ẹlòmíràn a yọ fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú igi tí a kùn ní dúdú àti funfun kí ẹni tó bá rí fọ́tò náà lè mọ bí nǹkan ṣe tóbi tó. Gbogbo erùpẹ̀ tó jáde, inú asẹ́ ni yóò gbà. Asẹ́ ló ń gba ìlẹ̀kẹ̀ tí kò ju hóró ọkà bàbà lọ, eyín ẹja, hóró èkùrọ́ tó ti jó di dúdú, gbogbo ohun tí ojú fò.

A ní ìwé àwọ̀ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń lò, tí wọ́n lẹ oríṣiríṣi pupa àti ràkọ̀ràkọ̀ mọ́, a ó mú erùpẹ̀ lọ síbẹ̀ bíi ẹni tó ń yan aṣọ ẹbí. Ṣùgbọ́n bàbá kan wà lára àwọn òṣìṣẹ́ wa, àgbẹ̀ ni, kò wo ìwé kankan. Ó máa ń bọ́ bàtà, kó fi gìgísẹ̀ tẹ ojú kòtò, kó ní, "Wọ́n ti gbẹ́ ibí yìí rí." Bí a bá họ ibẹ̀ dáadáa, a ó rí i pé kòtò ààtàn ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀ láyé àtijọ́, tí wọ́n dalẹ̀ sí, tí ilẹ̀ sì ti bò. Irú ààtàn bẹ́ẹ̀ léwu fún ìtàn, nítorí ó máa ń gba inú ìpele òkè kọjá lọ sí ti ìsàlẹ̀, ohun àná a sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun ẹgbẹ̀rin ọdún. Ẹni tí kò bá rí etí ààtàn náà yóò kà wọ́n sí ọjọ́ kan náà. Ẹsẹ̀ bàbá yìí gbà wá lọ́wọ́ irú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, síbẹ̀ nínú ìròyìn tí a kọ, òṣìṣẹ́ ni a pè é, a kò dárúkọ rẹ̀. Àṣà iṣẹ́ náà nìyẹn, kò sì dùn mọ́ mi nínú títí dòní.

Àwọn tó ń kọjá lọ sọ́jà a dúró létí okùn. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti rí góòlù?" Mo ní, "Rárá, Màmá, àpáàdì la rí." Ìyá arúgbó kan ní, "Àpáàdì? Ẹ wá sí ẹ̀yìnkùlé mi, mo ní i lọ́pọ̀." Òótọ́ ló sọ. Kò sí ibi tí ènìyàn fi ọkọ́ kàn ní Ifẹ̀ tí kì í kan àpáàdì, èyí tó sì fún ìlú náà lórúkọ láàárín àwa awúlẹ̀ ni àwọn ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́.

Ìdúró ni wọ́n to àwọn àpáàdì náà, etí wọn ló wà lókè, ìlà kan dagun sọ́tùn-ún, èyí tó tẹ̀ lé e dagun sósì, nígbà mìíràn òkúta funfun kéékèèké á wà láàárín wọn. Ó le débi pé ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kò tú u. Irú rẹ̀ wà ní àwọn ìlú mìíràn, títí dé orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò, ṣùgbọ́n Ifẹ̀ ni a mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Àwọn àgbà ìlú ní Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọ̀ọ̀ni, ló pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́ ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Nígbà tí awúlẹ̀ kan, Peter Garlake, wúlẹ̀ ní Ilẹ̀ Ọbàlárá àti ní Wóyè Àsírí nílùú náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ohun tó rí ju ojú ọ̀nà lọ: àgbàlá ilé ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojúbọ, pẹ̀lú ìkòkò tí wọ́n rì mọ́ àárín ilẹ̀ náà, ẹnu rẹ̀ sókè, níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan sílẹ̀. Ògiri ilé ti wó di erùpẹ̀, ilẹ̀ àpáàdì ló ku tí ó ń sọ bí ilé ṣe rí. N kò rí ìdí tí ìtàn Lúwòó àti ìtàn Garlake fi gbọ́dọ̀ bára wọn jà. Ọbabìnrin lè pàṣẹ kí wọ́n tẹ́ ilẹ̀, kí àwọn ìdílé ìlú sì wo àwòṣe lára ààfin.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ràn láti sọ fún àwọn tó bá ní àpáàdì kò wúlò, ọ̀rọ̀ ṣùkù àgbàdo ni. Àwọn amọ̀kòkò máa ń yí nǹkan lórí amọ̀ tútù kí ó lè ní ọnà, okùn tí wọ́n lọ́ tàbí igi tí wọ́n gbẹ́. Ní Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ àpáàdì wà tó jẹ́ pé ṣùkù àgbàdo ni wọ́n yí sí i lára, ìlà ibi tí hóró ti bọ́ hàn gbangba. Bẹ́ẹ̀ àgbàdo, ará Amẹ́ríkà ni. Lẹ́yìn tí Kòlọ́m̀bọ́ọ̀sì ti tukọ̀ lọ síbẹ̀ ní 1492 ló tó lè dé ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà, ìpele tí àpáàdì oníṣùkù bá wà, kò lè ṣáájú ìgbà náà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi yíǹkì kọ ni ìyá amọ̀kòkò kan fi oúnjẹ tó jẹ kù kọ sílẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n onímọ̀ kan, M. D. W. Jeffreys, gbé e gba ibòmíràn. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ àpáàdì Ifẹ̀ ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọnà àgbàdo sì wà níbẹ̀, a jẹ́ pé àgbàdo ti dé Áfíríkà kí Kòlọ́m̀bọ́ọ̀sì tó lọ. Àríyànjiyàn ńlá ni. Ní 1962, Frank Willett, tó jẹ́ alábòójútó mùsíọ́mù Ifẹ̀ nígbà náà, tún ẹ̀rí náà gbé yẹ̀ wò. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo ọ̀ràn: ṣé inú ilẹ̀ àpáàdì náà gan-an ni àpáàdì oníṣùkù ti jáde ni, àbí inú erùpẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀? Ìka méjì ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ló sì wà láàárín wọn pẹ̀lú. Lónìí, ohun tí àwọn awúlẹ̀ gbà ni pé òkè ilẹ̀ àpáàdì ni oníṣùkù wà, lẹ́yìn tí àwọn tó tẹ́ ẹ ti kọjá lọ.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn orí idẹ.

Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin Ọ̀ọ̀ni, kan idẹ. Orí ènìyàn ni, ó tóbi bí orí ẹni tó wà láàyè, ojú rẹ̀ dákẹ́, òmíràn ní ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, òmíràn dán láìní ìlà. Kí wọ́n tó dáwọ́ dúró, wọ́n ti rí orí mẹ́tàdínlógún àti ère kan tó jẹ́ apá òkè ara. Ìròyìn kan Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n kí àwọn onímọ̀ tó dìde, ọjà ti dìde. Ọ̀kan bọ́ sí ọwọ́ oníwèé ìròyìn kan ní Èkó, láti ibẹ̀ ló ti dé British Museum ní 1939, ibẹ̀ ló wà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó wá kọ́ nípa àṣà Ifẹ̀, ra méjì gbé lọ sílé. Ó dá wọn padà ní 1950. Ọ̀ọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí kó àwọn yòókù pamọ́ sí ààfin. Òun ló fi gbogbo agbára tì í lẹ́yìn kí Ifẹ̀ tó ní mùsíọ́mù tirẹ̀, tó ṣí ní 1954, ní Ẹ̀nuwá, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Ìbẹ̀rù pé ìyókù yóò tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ lọ sókè òkun wà lára ohun tó jẹ́ kí ìjọba amúnisìn yan Kenneth Murray ní 1943 láti máa rí sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí wọ́n sì ṣòfin lórí wọn ní 1953.

A gba àwọn orí padà, tàbí púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí a kò lè gbà padà ni kòtò náà. Kò sí ẹni tó yàwòrán bí wọ́n ṣe tò. Ṣé wọ́n dojú kọ ara wọn ni? Ṣé wọ́n kó wọn dà sínú ihò kan náà ní ìkánjú ni, bíi ti ẹni tó ń sá ogun, nítorí pé àwọn ará Ifẹ̀ fi ìlú sílẹ̀ nígbà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún? Ṣé ilé ni wọ́n kọ́ fún wọn? Kí ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: ìkòkò, ìlẹ̀kẹ̀, eegun ẹran? Ihò wẹ́wẹ́ wà lọ́rùn wọn, òmíràn sì ní i yí irun àti ẹnu ká. Ẹnì kan ní wọ́n fi kan orí mọ́ ère igi nígbà ìsìnkú ọba ni, ẹlòmíràn ní adé gidi ni wọ́n ń dé sí i lórí. Àwọn kan ní ọwọ́ oníṣọ̀nà díẹ̀ ló ṣe gbogbo rẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀, àwọn kan ní ọba kan ọba kan ni. Ìdánwò tí wọ́n ṣe sí amọ̀ tó kù nínú àwọn idẹ Ifẹ̀ tọ́ka sí ọ̀rúndún kẹrìnlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n ìyẹn ń sọ ọjọ́ tí wọ́n dà wọ́n ni, kò sọ ohunkóhun nípa ọjọ́ tí wọ́n rì wọ́n. Mo ti ka àwọn ìwé yìí púpọ̀. Àwọn tó kọ wọ́n gbọ́n, wọ́n sì ń bá ara wọn jà lórí ohun tí fọ́tò kan ì bá ti yanjú.

Ìta Yemòó, ibòmíràn ní Ifẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ náà, òṣìṣẹ́ tó ń túlẹ̀ fún ilé kíkọ́ ló kọ́kọ́ kan idẹ, ní 1957. Ṣùgbọ́n wọ́n ránṣẹ́, Willett dé, ìwúlẹ̀ tó tọ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ọba àti ayaba tó fi apá kọ́ apá, tí ẹsẹ̀ ọ̀kan sì lọ́ mọ́ ti èkejì, ibẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Kì í ṣe ẹwà wọn nìkan la mọ̀: a mọ ilẹ̀ àpáàdì tó wà níbẹ̀, a mọ àwọn ère amọ̀ sísun tó wà nítòsí, a sì ní èédú láti ìpele ilẹ̀, tó mú wa dé àárín ọ̀rúndún kẹwàá sí ìkejìlá. Mo ti dúró níwájú àwọn méjèèjì yìí nínú mùsíọ́mù, àwọn ti Wúnmọníjẹ̀ àti àwọn ti Ìta Yemòó. Bí a bá ní ká sọ òótọ́, ti Wúnmọníjẹ̀ lẹ́wà jù. Ti Ìta Yemòó ló ń bá mi sọ̀rọ̀.

Irú ìyàtọ̀ yìí náà ló wà nínú ọ̀rọ̀ dígí. Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní 1910, ohun tó ń wá ni orí. Ó rí èyí tí wọ́n ń pè ní orí Olókun, ó fẹ́ gbé e lọ, àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì sì dá a dúró. Àwọn orí amọ̀ tó rí jọ ọ́ lójú débi tó fi ní àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ló ní láti ṣe é, pé ìlú Atlantis tó rì sínú òkun ló dé. Orí Olókun padà sí Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀dà ni. Àwọn mìíràn kò gbà, àríyànjiyàn náà kò tíì tán. Ohun mìíràn tí Frobenius rí ni àfọ́kù ìkòkò kéékèèké tí dígí aláwọ̀ búlúù àti ewé lẹ̀ mọ́ nínú. Ní Igbó Olókun ní Ifẹ̀, àwọn ará ìlú ti ń gbẹ́ ilẹ̀ wá ìlẹ̀kẹ̀ tipẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń kó, àfọ́kù ni wọ́n ń jù sílẹ̀.

Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí ìwé ń sọ ni pé dígí àtòkèèrè wá, láti ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí Yúróòpù, ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń yọ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Akin Ige ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tó dán ohun tó wà nínú dígí náà wò, tí wọ́n rí i pé kò bá ti ibì kankan mu: ẹfun àti èròjà amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ ju bó ṣe ń rí lọ. Lẹ́yìn náà ni Abidemi Babalola lọ wúlẹ̀ ní Igbó Olókun, ní 2011 sí 2012, pẹ̀lú asẹ́ àti okùn. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000, àfọ́kù ìkòkò ìyọ́dígí tó ju 800 lọ, àti ìdọ̀tí dígí oríṣiríṣi, nínú ìpele ilẹ̀ tó wà láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tó tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2017, ọ̀rọ̀ yí padà. Ifẹ̀ ń fi iyanrìn ilẹ̀ ara rẹ̀ ṣe dígí láti ìbẹ̀rẹ̀, irú ìlẹ̀kẹ̀ yìí sì ti jáde nínú kòtò àwọn awúlẹ̀ ní Gao, lórílẹ̀-èdè Mali. Sẹ̀gi tí àwọn ọba wa ń so mọ́rùn ní orírun nínú igbó náà. Orí kan ṣoṣo kò kó ipa nínú ìwádìí yìí. Àfọ́kù ìkòkò ni, àti àwọn tó ṣe sùúrù láti ka wọ́n.

Nítorí náà inú mi kì í dùn tán nígbà tí mo bá wọ mùsíọ́mù wa. Mo ti rí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó tò wọlé ní méjì méjì, tíṣà níwájú, wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí orí inú gíláàsì. Olùtọ́nisọ́nà sọ orúkọ, ó sọ pé idẹ ni, ó sọ ọ̀rúndún rẹ̀, wọ́n kọjá sí ìkejì. Ọmọ kan béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni wọ́n ṣe mọ ọjọ́ orí rẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n ní àwọn òyìnbó ló fi ẹ̀rọ wò ó. Ọ̀rọ̀ dá síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ògiri yàrá tí wọ́n dúró sí, àpótí wà tó kún fún àpáàdì tí a kọ nọ́ńbà sí, àwòrán kòtò wà tí a fi pẹ́ńsù yà, èédú wà nínú náílọ́ọ̀nù. Ká ní èmi ni mo ń tò ó, ǹ bá gbé àpáàdì oníṣùkù kan síwájú ọmọ yẹn, ǹ bá ní kó fọwọ́ kàn án, kó sọ fún mi ohun tí wọ́n fi ṣe é lọ́nà. Ní Ẹ̀sìẹ́, níbi tí mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti ṣí ní 1945, wọ́n kò tilẹ̀ gbé àwọn ère òkúta kúrò nílùú. Ìlú ṣì ń ṣọdún fún wọn, ènìyàn sì ń rí ibi tí nǹkan ti wá. Mo gbà pé owó kò sí. Mo ti bá ìkòkò tí òjò ń jò sí láti òrùlé nínú yàrá ìkẹ́rùsí rí. Ṣùgbọ́n àpáàdì kan lórí tábìlì kì í ná ni lówó.

Ìwé tí a ń kọ tún ní ìwúlò mìíràn tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ rántí. Wọ́n fọ́ mùsíọ́mù Jos ní 1987, wọ́n jí ohun iyebíye lọ. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n fọ́ ti Ifẹ̀ náà. Orí Ifẹ̀ kan lára àwọn ti Jos jáde lẹ́yìn ogún ọdún níbi gbàǹjo ìjọba ní Bẹ́ljíọ̀mù, ẹni tó rà á gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù láti tà, ibẹ̀ ni àṣírí ti tú tí àwọn ọlọ́pàá fi gbẹ́sẹ̀ lé e. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ tí a kò yà ní fọ́tò, olè ni yóò kó o lọ, kò sì sí ẹni tó lè wí pé tèmi nìyí.

N kò wúlẹ̀ mọ́. Ìwé ni mò ń kọ báyìí. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, wọn a sì máa pè mí bí ọwọ́ kò bá tó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pè mí ní ọ̀sán kan pé onílé kan tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní Ifẹ̀ ti kan ilẹ̀ àpáàdì. Nígbà tí a dé ibẹ̀, àwọn bíríkìlà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà, kọńkéré ti ń dúró. Onílé náà, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò fẹ́ rí wa. Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ mùsíọ́mù sílẹ̀ ní kí ẹni tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí ìjọba gbọ́, ohun tí gbogbo onílẹ̀ Ifẹ̀ sì gbọ́ nínú òfin náà ni pé wọn yóò gba ilẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ló ń fi òru bo ohun tí wọ́n bá rí mọ́lẹ̀. N kò lè dá wọn lẹ́bi. Kò sí ẹni tó ń san owó bíríkìlà tó jókòó fún wọn.

"Àwọn ọmọ mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù," ó ní, "wọ́n fi owó ilé yìí ránṣẹ́. Kí ni kí n sọ fún wọn? Pé àpáàdì dá mi dúró?"

Ọ̀rẹ́ mi kò bá a ṣàlàyé òfin. Ó ní, "Bàbá, a kò ní gbé nǹkan kan níbẹ̀, a kò sì ní gba ilẹ̀ yín. Ẹ kàn jẹ́ kí a yà á kí ẹ tó da kọńkéré sí i." Ó ronú, ó wo àwọn bíríkìlà, ó ní títí di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Ìdúnàádúrà náà kò bá ìwé ẹ̀kọ́ wa mu. Ní tòótọ́, ohun tí ìwé sọ ni pé kí a dáwọ́ ilé dúró, kí a wúlẹ̀ náà dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ilẹ̀ tí a yà ní ọjọ́ kan dára ju ilẹ̀ tí wọ́n fi òru bò lọ.

A gbá a mọ́. A fi okùn pín in sí igun mẹ́rin mẹ́rin, a yọ fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan, a yà á sórí ìwé onílà, àpáàdì kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú ìkòkò tí wọ́n rì sí àárín. A bu èédú díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ níbi tí ìpìlẹ̀ ti gé e. Nígbà tí iná mànàmáná lọ, onílé fúnra rẹ̀ gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ jáde, ó tan gílóòbù sí wa lórí, ó fa àga wá sí etí kòtò, ó sì ń béèrè kí ni èyí, kí ni tọ̀hún. Ó ní bàbá òun sọ fún òun pé ilé ìyá ọba kan wà ládùúgbò yìí rí. A kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ ká ìwé nílẹ̀, ó béèrè bóyá orúkọ òun wà níbẹ̀. Mo ní orúkọ onílẹ̀ wà lára ohun tí a ń kọ, pẹ̀lú àdúgbò, ọjọ́ àti bí ilẹ̀ ṣe jìn tó. Ó ní kí n kà á kí òun gbọ́. Mo kà á. Ó mi orí, ó ní, "Ẹ fi Alàájì sí i níwájú." Mo fi sí i.